Ohùn Tí Mo Fi Pe Ọkọ̀ ní Àgbóyì

Kékeré ni mo wà, mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, nígbà tí Mọ́mì mú mi kúrò ní Kétu lọ sọ́dọ̀ ìyá wọn, Màmá Àgbà, ní Àgbóyì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà sétí títì, ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ pàdánù. Omi ló yí erékùṣù yẹn ká. Láàárọ̀, kùrukùru á bo odò, lékeléke á tò sórí ojú oró, òórùn ẹja yíyan á sì ti gba gbogbo ilé. Mi ò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ìtìjú nìkan ni ìṣòro mi. Ẹni tó bá fẹ́ wọ erékùṣù á dúró ní èbúté, á pariwo orúkọ ilé tó ń lọ, kí ará ilé náà fi ọkọ̀ wá gbé e. Èmi ò lè pariwo. Màmá Àgbà ní bí mi ò bá tíì dá ọkọ̀ pè kí Mọ́mì tó dé lọ́jọ́ Àìkú, kí n múra Kétu, torí omi kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n rán mi ní iyọ̀. Aládùúgbò wa gbé mi sọdá, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí mo rajà tán, mo dúró ní èbúté, mò ń wo Màmá Àgbà lódìkejì. Wọ́n kẹ́yìn sí mi, wọ́n ń la ẹja. Bàbá kan tó ń tukọ̀ kọjá bi mí bóyá mò ń lọ. Mo dorí kodò, mò ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. Bàbá ní kí n bá àwọn kí yẹ̀pẹ̀, wọ́n tukọ̀ wọn lọ.

Òjò ṣú. Ó kán sórí ọ̀rá iyọ̀. Mo rántí yàrá wa ní Kétu, tó kọjú sí gọ́tà. Mo la ẹnu.

"Ilé Ìyá Ẹlẹ́ja o! Ẹ wá gbé mi o!"

Gbogbo ilé etí omi ló yọjú. Ọkọ̀ mẹ́ta ló gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n rò pé ẹnì kan ń rì. Màmá Àgbà ló kọ́kọ́ dé.

"Ohùn yìí, ibo lo ń kó o pamọ́ sí látọjọ́ yìí?"

Wọ́n fa etí mi nítorí iyọ̀ tó tutù, wọ́n sì fún mi ní orí ẹja jẹ. Nígbà tí Mọ́mì dé, àwọn nìkan ló padà sí Kétu.

Lónìí, fóònù làwọn ọmọ fi ń pe ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ló sì ń gbé e sáré. Ó yá, ó sì rọrùn, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó fi fóònù pè, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ pé ó ti dé. Èmi mọ bó ṣe ń rí kí odidi ìlú yọjú nítorí ẹni.