Orí Tí Wọ́n Da Òróró Sí

Bí òórùn fóòmù inú àṣíborí ọlọ́kadà bá ti kan imú mi, ọ̀sán ọjọ́ kan ní Òṣú ni mo máa ń rántí.

Bàbá mi, pásítọ̀ ìjọ wa ní Iléṣà, gbé mi sẹ́yìn alùpùpù. À ń lọ síbi ìrìbọmi nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kan dá wa dúró.

"Àṣíborí yín dà, sà?"

"Orí tí wọ́n da òróró sí nìyí. Ọlọ́run ò ní kí n fi ike bò ó."

"Òfin ìjọba ni, sà. Ẹ dé e, àbí kí n gba alùpùpù yín."

Ẹ̀ṣọ́ náà mú ọ̀kan jáde látinú ọkọ̀ wọn, ó gbé e lé bàbá mi lórí, ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi làágùn. Àṣíborí ò kọjá etí. Ó dá mi lójú pé áńgẹ́lì ló ń tì í padà. Ẹ̀ṣọ́ náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ máa lọ, sà."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo jẹ́rìí iṣẹ́ ìyanu náà. Gbogbo ìjọ hó "Halelúyà!" Màmá mi nìkan ló fi ìborùn bo ẹnu.

Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé bàbá mi ti dé gbogbo àṣíborí tó wà lọ́jà Iléṣà wò, kí òróró tó wọ ọ̀rọ̀ náà.