Búrẹ́dì Tó Ní Àmì Mihkel

Kò sí obìnrin abúlé Sooküla tó ń ti búrẹ́dì sínú ààrò láìfi ọwọ́ fa àgbélébùú sí i lára. Ìyá wọn ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá ìyá wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Viiu Kadarik nìkan ni kì í fi ọwọ́ fa tirẹ̀. Àgbélébùú Òmìnira, àmì ẹ̀yẹ onírin tó ní àwòrán apá tó di idà mú, tí ìjọba fi yẹ́ Mihkel ọkọ rẹ̀ sí lẹ́yìn ogun, ló fi ń tẹ̀ ẹ́.

Mihkel fúnra rẹ̀ ló dá àṣà náà sílẹ̀. Kò fẹ́ràn àtimáa fi nǹkan náà sáyà kiri. Á ní, "Ó ń fa ẹ̀wù mi wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kì í jókòó lásán nílé yìí." Ó bá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ búrẹ́dì. Àwọn aládùúgbò rò pé òǹtẹ̀ igi ló gbẹ́ fún ìyàwó rẹ̀.

Mihkel kú nígbà òtútù tó kọjá. Viiu ò dáwọ́ dúró. Bó bá ti tẹ àmì náà báyìí, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ wo ẹṣin ni.

Ní Sátidé kan, Oskar Pruul tiro wọlé. Sájẹ́ǹtì ni lójú ogun. Òun ni Mihkel pọ̀n kọjá lórí odò dídì nígbà tí ọta ìbọn bà á lẹ́sẹ̀. Òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn jagunjagun báyìí.

"Ìyàwó wa, ẹgbẹ́ ló rán mi."

"Irọ́ ni, Sájẹ́ǹtì. Òórùn búrẹ́dì ló rán ọ."

"Àwọn méjèèjì ni. A ti kan àpótí onídígí sí ilé ìpàdé. Wọ́n ní kí àgbélébùú Mihkel wá máa gbé ibẹ̀ títí láé."

Viiu bi í pé, "Bí mi ò bá fún yín ńkọ́?"

"Wọ́n á ní opó Kadarik láhun."

Viiu yọ búrẹ́dì kúrò nínú ààrò, ó gbé e kalẹ̀. Oskar tẹjú mọ́ ọn: apá kan tó di idà mú, ó hàn ketekete. Ó wo ara ògiri níbi tí àgbélébùú náà so rọ̀ sí, ìyẹ̀fun ṣì wà létí rẹ̀.

"Viiu. Ohun ìjọba lo ń tì bọ ìyẹ̀fun?"

"Ọkọ mi ló kọ́ mi. Lọ bá a jà ní itẹ́ òkú."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Oskar kó tó mọ̀. Ó bu búrẹ́dì jẹ, ó jẹ ẹ́ pẹ́.

"Bí mo bá mú un lọ, kí lo máa fi tẹ̀ ẹ́?"

"Ọwọ́ mi, bíi tàwọn yòókù." Ó kọjú sí ààrò.

Oskar gbé àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Fún mi ní odindi búrẹ́dì kan dípò rẹ̀. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ àpótí yẹn wà."

Nígbà tó gbé búrẹ́dì gbígbẹ síwájú ẹgbẹ́, alága wọn fajú ro. "Oúnjẹ la fẹ́ fi hàn àlejò?"

Oskar ní, "Àmì Mihkel nìyẹn, bó ṣe fẹ́ kí á máa rí i. Ẹni tó bá ti gun ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá lórí yìnyín rí ni kó bá mi jiyàn."

Wọ́n gbé búrẹ́dì sínú àpótí, wọ́n kọ orúkọ Mihkel sábẹ́ rẹ̀.

Ṣáájú ìkórè, Oskar tún dé. "Ìyàwó wa, eku ti já ìlà ogun wa wọnú àpótí. Ìdajì idà ti lọ."

Viiu ti ń po ìyẹ̀fun. "Jókòó," ló wí, "kò ní pẹ́ jinná."