Ohùn Roheemat Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Fáàdá

Ẹni tó bá dàgbà ní Ayétòrò láyé ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà lóde, tó wá sọ pé òun ò mọ Husain Bàrúwà, irọ́ ló ń pa. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọjà. Èmi ń ránṣọ, òun ń gba ohùn sílẹ̀. Wáàsí ni o, fújì ni o, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni o, kò sí èyí tí kì í gbà. Kó tó bẹ̀rẹ̀, á kọ́kọ́ fẹnu sí ẹ̀rọ, á ní: "Bàrúwà ló gbà á o, l'Áyétòrò, lójú ọjà. Ohùn kì í sọnù lọ́wọ́ Bàrúwà." Àwọn ọmọ àdúgbò mọ̀ ọ́n sórí ju ìwé wọn lọ. Bí mo bá pe àwọn ọmọ tèmi, ohun tí wọ́n fi ń dá mi lóhùn nìyẹn, títí mo fi sọ fún wọn pé ẹni tó bá tún dán an wò á jẹ ìgbájú.

Títílọpẹ́ lorúkọ mi. Wọ́n ní mo lẹ́nu, mi ò sì bá wọn jiyàn. Bàbá Qúdrát ni mò ń pe Bàrúwà, nítorí Qúdrát ni àkọ́bí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ó ń dùn mí, mo sì fẹ́ sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ín. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó ló ń rà ní àpò-àpò, tó ń gba nǹkan tuntun lé lórí. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn pọ̀, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, bí wáàsí bá parí, orin tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á tún hu jáde. Àlùfáà á ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àmín tán, obìnrin kan á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìfẹ́. Irú ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ Bàrúwà. Bí ohun tó ń gbà bá parí, kò ní dá ẹ̀rọ dúró, á jẹ́ kó máa yí lọ lófìfo dé ìdí, kí ohun àtijọ́ lè pa rẹ́ pátápátá. Ojú méjèèjì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Àwọn kan máa ń ṣẹ́ eyín ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì wọn kí ẹnikẹ́ni má bàa gba nǹkan lé e. Ìyẹn ò dí Bàrúwà lọ́wọ́. Bébà fàdákà inú páálí sìgá ni yóò ká kéré, á fi dí ihò náà, iṣẹ́ á máa lọ. Kì í mu sìgá o, ńṣe ló ń ṣa páálí rẹ̀ jọ. Kì í sì í gbọ́ ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì wò kó tó nù ún. Ó ní kásẹ́ẹ̀tì tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù òun, òfìfo ni.

Ìyàwó rẹ̀, Roheemat, ọmọ Ìwòyè-Kétu ni. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ ló ti ń ta ẹ̀pà yíyan. Kì í pariwo. Bí àwọn oníbàárà bá ń jà, á kàn sọ gbólóhùn kan pẹ̀lú ẹnu Kétu rẹ̀ yẹn, ẹni tó ń bínú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Èmi tó jẹ́ pé ẹnu mi ló ń dá ìjà sílẹ̀, mo máa ń wò ó tìyanu-tìyanu.

Ọdún kan, ìyá Roheemat kú ní Ìwòyè, inú Ààwẹ̀ ló sì bọ́ sí. Ẹ mọ ohun tí àna jẹ́ nílẹ̀ yìí. Ọkọ ọmọ kì í ránṣẹ́ síbi òkú ìyá ìyàwó rẹ̀, fúnra rẹ̀ ló ń lọ. Ṣùgbọ́n inú Ààwẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì wáàsí ń tà jù. Bàrúwà ní kí ìyàwó òun máa lọ ná, òun á dé tó bá di fídáù ọjọ́ kẹjọ. Ọjọ́ kẹjọ pé, oníbàárà ò jẹ́ kó dìde. Àwọn ará Ìwòyè ń béèrè pé àna àwọn dà. Roheemat ní ara ọkọ òun ò yá. Ó parọ́ níbi àdúrà ìyá rẹ̀ nítorí ọkọ.

Ó padà dé, ó gbé igbá ẹ̀pà rẹ̀ síta. Bàrúwà bẹ̀ ẹ́, Roheemat sì dá a lóhùn. Ó ní, "Mo ti gbọ́." Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé "mo ti gbọ́" kì í ṣe "mo ti dárí jì yín." Bàrúwà náà mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn há sáàárín wọn bí egungun ẹja, wọ́n sì ń bá ayé wọn lọ, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu.

Fáàdá Ògúnníyì ló wá da ọ̀rọ̀ náà rú, tàbí kí n sọ pé òun ló fẹ́ tún un ṣe. Ọmọ Ayétòrò ni, ó ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di fáàdá ní sẹ́mínárì, ó sì ti kọ ìwé tí wọ́n ń kà nílùú òyìnbó. Fìlọ́sọ́fà ni wọ́n ń pè é. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà bi í lẹ́ẹ̀kan pé iṣẹ́ wo gan-an ni fìlọ́sọ́fà ń ṣe. Ó ní, "Títí, iṣẹ́ mi ni kí n máa béèrè ohun tí gbogbo èèyàn rò pé àwọn ti mọ̀." Mo ní ta ló wá ń sanwó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lásìkò yẹn, ìdáríjì ló ń rò. Ó ní òun ti ka ohun tí àwọn ará Róòmù wí nípa rẹ̀, òun fẹ́ mọ ohun tí àwọn èèyàn òun wí. Ló bá ń gun ọ̀kadà kiri, ó dé Ìmẹ̀kọ, ó dé Ìwòyè, ó dé ẹnubodè, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó fi ń gba ohùn. Kì í wá olóyè lọ. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ń wá.

Ọjọ́ kan tó ń ra ẹ̀pà, ó gbọ́ bí Roheemat ṣe parí ìjà kan, ó sì ní kó jẹ́ kí òun gba ohùn rẹ̀. Wọ́n wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fa kọ́tìnì. Bàrúwà ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ láti iwájú pé, "Fáàdá, ṣé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́pà lẹ fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ sẹ́mínárì ni?" Ó yí fújì sókè fún oníbàárà rẹ̀. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí Fáàdá jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Bàrúwà, ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀ rẹ lónìí."

"Kí ló wí?"

"Bi í."

Roheemat ti ń da ẹ̀pà sínú bébà fún ẹnì kan. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ èmi àti Fáàdá ni." Lójú wa níbẹ̀, Fáàdá ṣẹ́ eyín ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì náà, ó fi báírò pupa kọ nọ́ńbà sí i lára, ó sì gun ọ̀kadà lọ.

Fáàdá kú kí ìwé tó ń kọ lórí ìdáríjì tó parí. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru mú Roheemat náà lọ láàárín ọ̀sán kan. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, Bàrúwà tú gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti gba ohùn gbogbo ìlú, kò ní ti ìyàwó rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ wí? Ta ló ń gba ohùn ẹni tó ń pè é wá jẹun lójoojúmọ́ sílẹ̀? Ó jókòó lórí àga ìránṣọ mi, ọkùnrin ńlá, ó ń sunkún. Ó ní, "Títí, mi ò mọ̀ bóyá ó dárí jì mí. Ó sọ ọ́ fún Fáàdá. Inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn ló wà." Bó ṣe ń wí náà nìyẹn lọ́dọọdún, títí kásẹ́ẹ̀tì fi kúrò lóde, tí fóònù dé, tí òun náà sì darúgbó.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé wọ́n máa ṣe ọ̀sẹ̀ ìrántí Fáàdá Ògúnníyì ní Ìlaró. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n á sọ̀rọ̀ lórí ìgbé ayé rẹ̀, wọ́n á pàtẹ ẹrù àti ìwé rẹ̀, lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ẹbí àwọn tó bá sọ̀rọ̀ á wá gbọ́ ohùn èèyàn wọn. Mo sáré lọ sọ fún Bàbá Qúdrát. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n fún wa. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ọmọ́délé, tó ń tọ́jú ẹrù Fáàdá, ló gbé e. Ó ní orúkọ Roheemat àti nọ́ńbà kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà nínú ohun tí Fáàdá kọ, kásẹ́ẹ̀tì náà gan-an làwọn ò tíì rí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ìrántí náà bẹ̀rẹ̀, ó pè wá padà. Ó ní wọ́n ti rí i, láti Ìmẹ̀kọ.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ lọ, Bàrúwà wọ agbádá Iléyá tí mo rán fún un, ó dé fìlà, ó fín tùràrí sára. Mo ní, "Bàbá Qúdrát, ṣé ilé àna lẹ ń lọ ni?"

Ó ní, "Ibẹ̀ ni mò ń lọ, Títí."

Gbọ̀ngàn náà kún. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan sọ̀rọ̀ lórí ìdáríjì títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Òmíràn ti Kútọnu wá, ó ń sọ Faransé, wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀. Mo ń wò ó pé ṣé ẹ̀yin yìí ò mọ̀ pé ẹnì kan wà níbí tí ọ̀rọ̀ yìí ń pa ni? Bàrúwà ò bínú ní tirẹ̀. Ó lọ dúró níwájú tábìlì tí wọ́n pàtẹ sí, níbi tí bàtà Fáàdá wà, àti jígí ojú rẹ̀, àti ẹ̀rọ kékeré náà. Ó ní, "Èmi ni mo máa ń tún un ṣe fún un."

Ọ̀sán ni wọ́n kó àwa ẹbí sínú yàrá kan. Obìnrin ará Ìmẹ̀kọ kan gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dá a lóhùn bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Bàrúwà gbá mi lọ́wọ́ mú. Lẹ́yìn náà ni Ọmọ́délé jókòó tì wá. Ó ní, "Bàbá, ẹ forí jì wá pé ó pẹ́. Nígbà tí Fáàdá kú, wọ́n pín ẹrù wọn bí wọ́n ṣe ń pín ẹrù òkú. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì yìí, kò sẹ́ni tó fẹ́ wọn. Wọ́n dà wọ́n sínú àpò, wọ́n tà wọ́n lọ́jà Ayétòrò fún àwọn tó ń ra ògbólógbòó. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí wọn kó jọ ni. Àárọ̀ àná ni tiyín dé, a ò tíì fọwọ́ kàn án. A ní kó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Ọwọ́ Bàrúwà tó di tèmi mú tú. Ọmọ́délé gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lé e lọ́wọ́. Nọ́ńbà pupa náà wà lára rẹ̀. Bàrúwà ò wo nọ́ńbà. Ó yí i, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo yọjú, mo rí bébà fàdákà tó wà nínú ihò méjèèjì.

Ó ní, "Gbà." Ó tì í sí Ọmọ́délé. Ọmọ́délé rò pé ó ń kánjú láti gbọ́ ọ ni, ó fi í sínú ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́.

"Bàrúwà ló gbà á o, l'Áyétòrò, lójú ọjà. Ohùn kì í sọnù lọ́wọ́ Bàrúwà."

Ohùn ọkùnrin tó ṣì ní agbára ni, tí nǹkan ń dùn mọ́. Wáàsí Ààwẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Obìnrin ará Ìmẹ̀kọ yẹn ń wò wá, kò yé e. Roheemat ṣì wà láyé nígbà tó nù ún. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iwájú ṣọ́ọ̀bù ló jókòó sí, tó ń yan ẹ̀pà.

Ọmọ́délé na ọwọ́ sí ẹ̀rọ. Ó ní, "Bàbá, ó máa ń ṣẹ́kù nígbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí n yí i dé ìdí, bóyá a ó rí díẹ̀."

Bàrúwà ní, "Má yọ ara rẹ lẹ́nu, ọmọ mi. Èmi kì í fi nǹkan ṣẹ́kù."

Síbẹ̀, ọmọ náà yí i. Wáàsí parí. Bàrúwà fi etí ti sípíkà, fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò ṣà á. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi bí òjò tó ń rọ̀ lókèèrè, títí ẹ̀rọ fi dá ara rẹ̀ dúró. Wọ́n yí ojú kejì. Bákan náà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, mo ti sọ fún yín.

Ọmọ́délé bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí ni káwọn kọ síwájú orúkọ Màmá. Ó ní, "Kọ ọ́ pé ó sọ̀rọ̀. Kọ ọ́ pé ọkọ rẹ̀ ló nù ún."

A wọ mọ́tò padà sí Ayétòrò. Mo fẹ́ bú àwọn ẹbí Fáàdá tó ta àpò yẹn, mo fẹ́ bú Bàrúwà gan-an, àánú rẹ̀ ò sì jẹ́. A dé ìdajì ọ̀nà, ó kọjú sí mi.

"Títí, ìwọ wà nítòsí lọ́jọ́ yẹn. Pákó ni wọ́n fi pín ṣọ́ọ̀bù wa méjèèjì. Ṣé o gbọ́ nǹkan kan?"

Mo mọ ohun tó ń tọrọ. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní mo gbọ́ ọ, tí mo ní ó sọ pé òun ti dárí jì í, á gbà mí gbọ́, á sì sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Roheemat ì bá parọ́ náà fún un. Mo la ẹnu. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló ń pariwo lọ́jọ́ yẹn, fújì tirẹ̀ náà sì ń pariwo.

Mo ní, "Bàbá Qúdrát, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ó mi orí, ó kọjú sójú fèrèsé.

Ó ní, "Mo ti gbọ́."