Omi Tó Kù Nínú Butà

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá tán ni, mo sì ń na butà sí ọmọbìnrin tó kàn lẹ́yìn mi. Ó wo ìgúnpá mi, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Èmi ò gbà á o. Làpálàpá ẹ á ràn mí."

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé butà náà sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, ní ilé kéwú wa ní àdúgbò Jójú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù ká ṣe wòlímọ̀, ọjọ́ tí a máa ka Àlùkùránì lójú gbogbo àdúgbò.

Èèpo funfun bí ìpẹ́ ẹja ló bo ìgúnpá àti orúnkún mi. Ìyá mi náà gbà pé làpálàpá ni. Á fi kànìnkànìn ha á títí á fi ṣẹ̀jẹ̀, á wá fi ewé asúnwọ̀n tútù ra á. Á máa ta mí bí ata, síbẹ̀ ńṣe ló ń fẹ̀ sí i. Ó wá sọ pé bí kò bá lọ, òun ò ní jẹ́ kí n bá ẹgbẹ́ mi jókòó lórí ẹní lọ́jọ́ wòlímọ̀, kí àwọn ìyá wọn má baà bú òun.

Ìyá àgbà kan láti Ṣakí ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Aṣọ alápá gígùn ló máa ń wọ̀ nígbà gbogbo, òórùn òrí la sì fi ń mọ̀ pé ó ti jáde. Lọ́jọ́ tí igbe mi pọ̀ jù, ó kan ilẹ̀kùn balùwẹ̀ gbàgbàgbà.

"Ìyá ọmọ, ṣé ìkòkò lò ń fọ̀ ni?"

"Màmá, làpálàpá yìí ni ò gbóògùn."

"Kò ní gbọ́. Kì í ṣe làpálàpá."

Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ìpẹ́ funfun kan náà ló wà ní ìgúnpá rẹ̀! "Ó ti lé ní ogójì ọdún. Ọmọ méje ni mo pọ̀n. Ta ló ràn nínú wọn?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Èmi nìkan kọ́!

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń lọ bá a lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ìfófòó ọṣẹ dúdú, ọwọ́ lásán, kò sí kànìnkànìn. Á fi àkísà ìró rẹ̀ tẹ omi náà díẹ̀díẹ̀, kò ní nù ún. Kí ara mi tó gbẹ, á ti yọ́ òrí tó tó awẹ́ obì kan láàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á fi pa mí lára. A ó wá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, àwa méjèèjì, a ó kọ ìgúnpá sí oòrùn àárọ̀ títí fèrè ilé-iṣẹ́ irin tó wà ládùúgbò wa á fi dún.

"Ó tó. Wọlé kó má baà jó ẹ."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ká apá mi, awọ ìgúnpá mi ò sán! Mo sáré fi han ìyá mi, mo tún sáré padà.

"Kò lọ tán o, ọkọ mi," ni ìyá àgbà wí. "Àlejò tó mọ ilé ni, á tún padà wá. Ìwọ ṣáà má bá a jà."

Láàárọ̀ ọjọ́ wòlímọ̀, aṣọ funfun wa ń tàn, èéfín ìrẹsì sì gba àdúgbò. Àmì pupa ṣì wà ní ìgúnpá mi, ìyá mi kò sì tíì sọ bóyá màá bá ẹgbẹ́ mi jókòó. Mo ṣe àlùwàlá tèmi tán ní àgbàlá ilé kéwú, àwọn ẹgbẹ́ mi tò sẹ́yìn mi. Ìyá àgbà jáde láàárín àwọn ìyá tó wà níbẹ̀, ó ká apá aṣọ méjèèjì sókè lójú gbogbo wọn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ lójú èrò rí.

"Gbé butà yẹn wá. Má tún omi mìíràn bù."

Ó fi omi tí mo lò kù yọ ẹnu, ó fi bọ́jú, ó fi wẹ ọwọ́ dé ìgúnpá. Ó dá butà padà fún mi, ó wá tẹjú mọ́ ìyá mi. Ìyá mi rìn wá, ó tún ìbòrí mi wé, ó ní, "Lọ jókòó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ẹ."

Sọráyásísì ni dókítà pe àìsàn náà nígbà tí mo dàgbà. Mo ń lo ìpara tó fún mi, àmọ́ bí ọyẹ́ bá ti dé, òrí kì í jìnnà sí ibùsùn mi. Ìyá àgbà ti lọ. Títí di òní, bí mo bá na nǹkan sí ẹni tí mi ò mọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ ṣiyè méjì. Àfìgbà tí mo bá rántí àárọ̀ ọjọ́ náà, omi díẹ̀ tó ṣẹ́ kù nínú butà, àti ọwọ́ kékeré kan tó nà wá láti ẹ̀yìn mi. Ọmọbìnrin tó kọ butà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́sí ni.

"Má dà á nù o! Èmi ló kàn."