Ìdajì Orí Dàda

"Ta ló fá orí ọmọ mi?"

Ariwo yẹn ni mo gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, nílé ìwòsàn kan ní ìhà Ìsọlọ̀ tí mo ti ń ṣe sístà àgbà. Ìgbà tí owó epo ń ṣàn ni. Ibùsùn tuntun ń wọlé, òṣìṣẹ́ tuntun ń wọlé, ṣùgbọ́n bí ìyá ọlọ́mọ ṣe ń bínú kò yí padà.

Obìnrin náà ń ta abọ́ rọ́bà ní Bọ́ládé, ó sì háyà yàrá kan ní Máfolúkù. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló gbé ọmọ rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, wá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ìgbẹ́ gbuuru àti èébì. Ó sáré lọ sílé lọ kó aṣọ. Kó tó padà dé, ọmọ ti lajú, omi ti ń wọ̀ ọ́ lára, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ń dán bí ìdí abọ́ tí ìyá rẹ̀ ń tà. Dàda sì lọmọ náà. Irun tó ta kókó láti ọ̀run wá, tí wọn kì í fi abẹ kàn láìṣe sàárà, a ti gbá a dànù.

"Sístà, ẹ bá mi pe ẹni tó ṣe é! Ṣé ẹ rò pé ọmọ yìí ò ní ìyá ni?"

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá ló ṣe é, ọmọbìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá, tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti ẹ̀yìn mi yọ, ó ní, "Mo gba ẹ̀mí ọmọ yín là, irun lẹ wá ń bi mí!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló da epo síná.

Bọ́lá kò ṣàdédé mú abẹ o. Bí ọmọdé bá yàgbẹ́ títí tí omi ara rẹ̀ fi gbẹ, iṣan ọwọ́ àti tẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń sá pamọ́. Iṣan orí nìkan ló máa ń hàn. Ibẹ̀ la máa ń fá, tí a ó fi abẹ́rẹ́ tínrín gba ibẹ̀ fa omi sí i lára.

Ìyá Dàda kọjá lọ sọ́dọ̀ dókítà àgbà. Kò pẹ́ tí ìyẹn fi ránṣẹ́ pè mí.

"Sístà, obìnrin yìí ní àfi ká lé nọ́ọ̀sì náà. Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Nọ́ọ̀sì pọ̀ nígboro."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi láyè di ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ kí àwọn méjèèjì jókòó sọ̀rọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n fa ara wọn láṣọ ya."

Bàbá mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, alfa ni ní mọ́ṣáláṣí kékeré kan ní Òṣòdì, níbi tí mo ti kọ́kọ́ mọ̀wé kà. Bí àwọn èèyàn bá gbé ìjà wá bá a lẹ́yìn ìrun Alásárì, òfin kan ló máa ń fún wọn: o kò gbọdọ̀ fèsì títí o ó fi tún ọ̀rọ̀ ẹnì kejì rẹ sọ, tí òun fúnra rẹ̀ á sì wí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni mo wí." Mo ti rí akọni ọkùnrin tó ń làágùn lórí ẹní bàbá mi.

Mo kírun, mo bẹ Ọlọ́run, mo gbé àga mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ, mo sì ka òfin náà fún wọn. Ìyá Dàda ló kọ́kọ́ ro ẹjọ́ tirẹ̀, tẹkún-tẹkún.

Bọ́lá ní, "Ẹ ní mo fá orí ọmọ yín."

"N kò wí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ní mo tàbùkù àṣà yín."

"Ta ló ń sọ ti àṣà? Mo ní mo wọlé, mo ń wá irun ọmọ mi káàkiri ibùsùn, n kò rí i. Kò sẹ́ni tó dúró sọ nǹkan kan fún mi. Mo rò pé tèmi ti kú, pé ẹ ti gbé ọmọ ọlọ́mọ sí àyè rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀!"

Bọ́lá fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ẹ ní ẹ rò pé ọmọ yín ti kú. Ẹ ní kò sẹ́ni tó dúró dè yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo wí."

Ó wá kan Bọ́lá. Ó ní ojú ọmọ ti jìn wọlé. Ó wá iṣan lọ́wọ́, kò rí i. Ó wá a lẹ́sẹ̀, kò rí i. Ó fá ìdajì orí, ó ń pe Ọlọ́run, abẹ́rẹ́ sì wọlé.

"Ìdajì kejì ńkọ́?" ni ìyá ọmọ bi í.

Bọ́lá wolẹ̀. "Kò bójú mu bẹ́ẹ̀, mà. Mo ní kí n jẹ́ kó dọ́gba."

Èmi alára fọwọ́ bo ẹnu kí n má bàa rẹ́rìn-ín. Ìyá Dàda wò ó, ẹ̀rín bú mọ́ ọn lẹ́nu pẹ̀lú omijé lójú. "Yéè! Ṣé nọ́ọ̀sì ni ọ́ ni àbí onígbàjámọ̀?"

"Ìyá Dàda," mo wí, "ó ku tiyín o."

Ó nu ojú. "O ní ojú ọmọ mi ti jìn. O ní o wá iṣan lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, o kò rí i. O ní ò ń pe Ọlọ́run sórí ọmọ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo wí, mà."

"Ìdajì ti ẹ̀mí, mo dúpẹ́. Ìdajì ti oge, o jẹ mí ní gbèsè."

Bọ́lá kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Mo bi ìyá ọmọ léèrè ohun tó lè tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Mo ń retí kó dárúkọ ìlélọ.

"Sàárà tí mi ò rí ṣe, kó bá mi ṣe é. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ se ẹ̀wà fún àwọn ọmọdé."

Lọ́jọ́ tí Dàda ń lọ sílé, Bọ́lá gbé ìkòkò ẹ̀wà wá sí wọ́ọ̀dù. Gbogbo ọmọ tó lè jẹun ló jẹ. Dókítà àgbà tọ́ ọ wò, ó ní ó jóná díẹ̀, ó sì ha abọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. A kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlélọ mọ́.

Èmi kò gbà pé irun ló di ẹ̀mí ọmọ mú. Ọlọ́run ló dì í mú. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run yìí kan náà ló fi ọkàn ìyá sábẹ́ ìtọ́jú wa.

Láti ọjọ́ náà, abẹ kì í kan orí ọmọ ní wọ́ọ̀dù wa láìsọ fún ìyá rẹ̀. Bí kò bá sí nítòsí, tí ọ̀rọ̀ sì le, ẹnì kan á dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, a ó sì fi báńdéèjì mímọ́ di irun náà fún un. Bọ́lá ló dá àbá yẹn. Òun náà ló gba ipò sístà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, Alhamdulilahi.

Ìyá Dàda wá bá wa dúpẹ́ lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì mi, òun àti Dàda, tó ti ga ju àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Bọ́lá fọwọ́ kan orí rẹ̀.

"Ìyá Dàda, ṣé ó dọ́gba báyìí?"

"Ó dọ́gba," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ó ti dọ́gba látọjọ́ ẹ̀wà."