Tanwíji Inú Abọ́ Ẹ̀yìnkùlé

Kó! kó! kó! Ìka ọwọ́ ìyá àgbà mi lórí ìdí agolo ló máa ń jí mi bí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú. Wọn kò ní í tíì bọ́jú, wọn kò ní í tíì rún orín, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa gbà lọ tààrà. Ohunkóhun tó bá ti gba omi òjò dúró, agolo ni o, igbá fífọ́ ni o, èèpo àgbọn ni o, wọ́n á gbé e, wọ́n á tẹjú mọ́ inú rẹ̀. "Ẹ wá wo àwọn olóríburúkú wọ̀nyí, wọ́n tún ń jó!" Tanwíji ni wọ́n ń bá wí, àwọn kòkòrò tín-ín-rín tó máa ń ta nínú omi kí wọ́n tó di ẹ̀fọn. Ṣàà, ìyá àgbà á da omi náà nù, wọ́n á dojú agolo dé ilẹ̀, wọ́n á wá fi ìka kan ìdí rẹ̀ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa jẹ́ wa lóhùn bí a bá kúnlẹ̀ kí wọn.

Agége là ń gbé, lẹ́bàá ojú irin. Òórùn obì tútù inú àpò àti òórùn búrẹ́dì gbígbóná ló máa ń pàdé nínú àgbàlá wa láàárọ̀. Wolé-wolé a sì máa wá, ọkùnrin aláṣọ kákí, tòun ti ṣíbí gígùn àti ìgò kékeré. Bó bá bu omi nínú ìkòkò rẹ tó rí tanwíji, kóòtù ni. Gbogbo àdúgbò ló ń sá fún un, àfi ìyá àgbà mi. Ohun tó ń ká wọn lára ju kóòtù lọ. Ibà ti gba ọmọ kan lọ́wọ́ wọn, àbúrò ìyá mi, kí wọ́n tó bí mi. Wọn kì í dárúkọ ọmọ náà rárá. Agolo ni wọ́n ń kàn.

Mo bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ìyá, níbo gan-an ni tanwíji ti ń wá?"

Wọ́n wò mí bí ẹni wo ewúrẹ́ tó yà wọlé. "Wọ́n ń bá òjò bọ̀ láti òkè ni. Ṣé o ń rí wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?"

"Kí ló dé tí wọn ò sí nínú dírọ́ọ̀mù tí a dé lórí?"

"Ṣé òjò wọ inú rẹ̀ ni? Ọmọ yìí, ìbéèrè rẹ ti pọ̀ ju irun orí rẹ lọ. Gbé agolo yẹn wá jàre!"

Mo gbé agolo wá. Ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ilé ìwé tèmi náà ò pẹ́ tó fi tán, n kò sì rí ẹlòmíràn bi.

Èmi náà ti wá di ìyá àgbà báyìí, ní Agége yìí kan náà, níbi tí òórùn bísíkíìtì ti ń gba orí fẹ́ńsì wọlé láti àwọn ilé iṣẹ́ ọ̀nà Ìkẹjà. Kò sí abọ́ tó ń kọjú sókè nínú ọgbà mi. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ayálégbé: abọ́ tó bá gba òjò, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ni kó dà á nù. N kò mọ̀ pé igi tí mo fọwọ́ ara mi gbìn ni yóò fẹ́ gún mi lójú.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì, ló kó abọ́ dé. Ó tò wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé, dúdú àti funfun, àwọn kan nínú oòrùn, àwọn kan lábẹ́ igi máńgòrò. Ó fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu àwọn kan, ó ṣí àwọn yòókù sílẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Òjò ni mò ń dúró dè, Màmá. Mo fẹ́ kí tanwíji wà níbẹ̀."

"O fẹ́ kí kí ni wà níbẹ̀?"

"Pròjẹ́ẹ̀tì mi ni, ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ mọ irú abọ́ tí ẹ̀fọn ń yé sí jù."

Mo wá ibi jókòó sí. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tí bàbá rẹ̀ ń laágùn rán an lọ, ọ̀sìn ẹ̀fọn ni wọ́n ń kọ́ ọ níbẹ̀! Mo mú un búra pé kò ní í jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn hu ìyẹ́.

Òjò rọ̀. Tanwíji ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó ni Ìyá Ìbejì, ayálégbé mi tó wà ní yàrá iwájú, bá mi nídìí ààrò, tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ìyá, mo ti bá yín da gbogbo omi ẹ̀yìnkùlé nù o. Ẹ̀fọn ì bá jẹ wá pa!" Ó dúró, ó ń retí kí n dúpẹ́.

Ọmọ náà sunkún títí. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó lẹ bébà mọ́ abọ́ kọ̀ọ̀kan pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Wẹ́dà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn tún da gbogbo rẹ̀ nù, tòun ti bébà. Mo pariwo mọ́ ọn. Ó ní, "Ìyá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i." Ọmọ náà tún tò wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta.

Àsìkò òjò sì ti ń parí lọ. Olùkọ́ ọmọ náà ti kìlọ̀ fún un pé bí iṣẹ́ náà ò bá tẹ òun lọ́wọ́ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó jáde. Bí èmi, ọmọ ọmọ ìyá tó ń kan agolo, ṣe gbé àpótí lọ sẹ́yìnkùlé nìyẹn, tí mo ń bó ẹ̀gúsí, tí mo ń ṣọ́ tanwíji. Ọwọ́ ń yún mi láti dà wọ́n nù. Bí ẹnikẹ́ni bá yọjú, màá figbe ta: "Má dà á nù o!" Ìyá Ìbejì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Ìyá, ẹ kúkú máa fún wọn lóúnjẹ!" Mo mọ̀ pé níbi tí ìyá àgbà mi sùn sí, ara wọn ò lè balẹ̀.

Nígbà tó yá, ọmọ náà mú ṣíbí gígùn àti ìgò kékeré jáde. Àfi bíi wolé-wolé! Ó bu omi abọ́ tó ṣí sílẹ̀, tanwíji kún inú rẹ̀, pàápàá àwọn dúdú tó wà lábẹ́ igi. Ó wá kan àwọn tí nẹ́ẹ̀tì bò. Omi lásán ni.

"Ṣé òjò wọ inú ìwọ̀nyí?" Èmi ni mo bèèrè.

"Ó wọ̀ ọ́, Màmá. Nẹ́ẹ̀tì ò dá òjò dúró. Ẹ̀fọn ni ò ráyè wọlé yé ẹyin."

Ìbéèrè tí mo bi ìyá àgbà mi, ìdáhùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo sọ ohun tí wọ́n wí fún un, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n ṣì í pátápátá!"

"Má fi ìyá mi rẹ́rìn-ín o," ni mo wí. Inú bí mi.

"Ẹ má bínú, Màmá. Dídà tí wọ́n ń dà á nù yẹn, òun náà ni mo máa kọ sí ìparí iṣẹ́ mi pé kí gbogbo ènìyàn máa ṣe."

Lẹ́yìn tó ti bu gbogbo èyí tó fẹ́, ó ní, "Ẹ wá dà wọ́n nù." N kò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ṣàà! Mo dojú wọn délẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí n tó mọ̀, ìka mi ti ń kan ìdí abọ́: kó! kó! kó!

"Màmá, èwo ni ti kíkàn?"

"Gbé èyí tó kù wá jàre."

Ẹnu ìyá àgbà mi ṣì í wí, ọwọ́ wọn ò ṣì í ṣe, ọwọ́ náà ló sì kù sí mi lára. Ṣùgbọ́n kíkàn yẹn kò sí nínú pròjẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí ibà gbà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi ń pè. Èmi náà ń bá wọn pè é láàárọ̀ òjò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ orúkọ rẹ̀.