Odídẹrẹ́ Tó Há Ikọ́ Mi Sórí

Ikọ́ náà dún láti pálọ̀, gbígbẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra, ó sì parí pẹ̀lú ohùn tín-ín-rín bí ìgbà tí ènìyàn ń súfèé. Ìyá bàbá mi, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Panu mọ́, ìwọ ẹyẹ yìí," ló wí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Èmi ni mo ń wúkọ́. Mo wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò odídẹrẹ́ rẹ̀, mo di ẹsẹ̀ tábìlì mú, mi ò sì lè pè é.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Ilé rẹ̀ ní Ọ̀kà, nísàlẹ̀ òkè, la ń gbé, èmi àti màmá mi tó ń ṣe tíṣà ní Ìkàrẹ́. Láti kékeré ni mo ti ní ikọ́ fée, èyí tí wọ́n ń pè ní ásímà, odídẹrẹ́ yìí sì ti há ikọ́ mi sórí. Bó bá ti ṣe é, ìyá àgbà á rẹ́rìn-ín, á ju ẹ̀pà sí i.

Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ra ẹyẹ náà lọ́wọ́ ọdẹ kan. Ara rẹ̀ rí bí eérú, ìrù rẹ̀ pupa fòò. Ìyọnu rẹ̀ ni àtíkè ara rẹ̀. Á máa fi ẹnu ya ìyẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ya irun, bó bá sì gbọnra, ìyẹ̀fun funfun á tú jáde, á bo àga, á bo tẹlifíṣọ̀n. Tábìlì tí wọ́n nù láàárọ̀, mo lè fi ìka kọ orúkọ mi sórí rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Nígbà ọyẹ́, tí a máa ń ti fèrèsé pa, ó ń burú sí i.

Màmá mi ti sọ̀rọ̀ títí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e síta. Eruku ara rẹ̀ ń ṣe ọmọ yìí."

"Ọmọ mẹ́fà ni mo tọ́ láàárín adìyẹ," ni ìdáhùn rẹ̀. "Eruku ọyẹ́ ni."

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, màmá mi wà níbi iṣẹ́. Mo sún mọ́ ẹyẹ náà bó ṣe ń gbọnra, àyà mi sì dí lójijì. Oògùn tí mo máa ń fà sẹ́nu wà ní yàrá, mi ò lè dé ibẹ̀. Mo wúkọ́. Ẹyẹ náà dákẹ́, ó tẹ orí, ó wò mí. Bí mo ṣe tún wúkọ́, òun náà gbà á lẹ́nu mi.

Ìyẹn ló gbà mí. Ìyá àgbà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ikọ́ méjì ló gun ara wọn létí òun, ẹyẹ kan ò sì lè wú ikọ́ méjì pọ̀.

Mo gbọ́ tí ẹ̀wà dà sílẹ̀. "Yéè! Ọmọ mi!" Ó sáré mú oògùn náà wá, ó tẹ̀ ẹ́ sí mi lẹ́nu, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ó gbé mi jáde láìwọ bàtà, ó dá ọlọ́kadà kan dúró. Àárín àwọn méjèèjì ni mo wà dé Ìkàrẹ́. Ní gbogbo ọ̀nà ni ó ń sọ sí mi létí pé, "Mí. Tún mí. Mo bẹ̀ ọ́, tún mí." Ẹ̀ẹ̀kan wà tí mi ò lè mí, mo sì gbọ́ tí òun náà dá èémí tirẹ̀ dúró.

Ní ọsibítù, wọ́n fi ike tó ń fẹ́ oògùn bo imú mi, ìtura rọra dé. Nígbà tí màmá mi sáré wọlé, ẹfun ìkọ̀wé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì.

"Ìyàwó mi, o sọ fún mi, mi ò gbọ́. Ẹ̀bi mi ni."

Ẹ̀rù ba màmá mi. Òun náà kúnlẹ̀. "Ẹ dìde, Màmá. Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ẹ̀bi mi ni."

Lọ́jọ́ kejì, àgò ti wà lábẹ́ òrùlé lẹ́yìnkùlé. Láràárọ̀, bí oòrùn bá ti yọ, ìyá àgbà á fi ike tí a fi ń fín omi sáṣọ nígbà ìlọṣọ fín in lára. Ẹyẹ á kọ́kọ́ pariwo, lẹ́yìn náà á na ìyẹ́ méjèèjì kí omi lè wọlé. Kò fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá abẹ́ rẹ̀ mọ́, aṣọ tútù ló fi ń nù ún. Ó ní bùbá kan tó ń wọ̀ tọ̀ ọ́ lọ, á bọ́ ọ síta, á fọ ọwọ́ dé ìgúnpá kó tó fọwọ́ kàn mí. Bí ẹyẹ bá sì wúkọ́ lóde, á fi ohunkóhun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ wá wò mí.

Ìyá àgbà ti kú báyìí, èmi náà ti di ìyá. Àyà mi kì í sábà dí mọ́. Àmọ́ bí ẹni tó kéré sí mi bá sọ òótọ́ tó dùn mí, ọ̀rọ̀ máa ń sáré wá sẹ́nu mi pé kí ló mọ̀. Mo máa ń gbé e mì. Mo ti rí àgbàlagbà tó kúnlẹ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, iyì rẹ̀ kò sì dín lójú wa. Ṣe ni màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ ìyá àgbà ṣáájú ti gbogbo wa.